Ta Ló Ní Kí Wọ́n Nu Ibòji Kúrò Lójú Ìyá Mi?

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín bí ẹ ṣe kọ́ mi, orúnkún méjèèjì ló kanlẹ̀. Mo kí Ìyá àgbà, mo kí Bùọ̀dá mi àti ìyàwó wọn, mo kí tọmọdé tàgbà ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ara tèmi le, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Inú ń bí mi débi pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fa lẹ́tà yìí ya kí n tó tún un kọ.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ ilé wa sínú ìwé ìròyìn. Mo mọ̀ pé ẹ máa ń rà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ sì máa ń kà á sókè níwájú ṣọ́ọ̀bù fún àwọn ọ̀rẹ́ yín. Àwòrán Màmá, gbogbo ìjọ lẹ pè kí wọ́n wá wò ó. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí gbogbo ìjọ gbọ́ èsì mi náà.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni awakọ̀ tó ń ti ọ̀dọ̀ yín bọ̀ fi lẹ́tà yín lé mi lọ́wọ́ ní Onípánu. Inú mi dùn, mo já a lójú títì níbẹ̀. Fọ́tò kan ló bọ́ jáde. Wọ́n ya fọ́tò àwòrán Màmá, èyí tí mo fi ọ̀dà yà fúnra mi, tí mo fi ránṣẹ́ sí yín pé kí ẹ gbé kọ́ sí pálọ̀ fún ìrántí ọdún kan tí wọ́n kú. Apá òsì ojú wọn tí mo fi sínú ibòji, ẹnìkan ti fi ọ̀dà kùn ún, ó mọ́ báláú. Ojú ńlá kan ti là síbẹ̀, ó ń wò mí ranran, ìpéǹpéjú rẹ̀ gùn bíi ti ọmọge ara pátákó onídìrí. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹni tó ń ta káàdì ìkíni níbẹ̀.

Ẹ ṣàlàyé nínú lẹ́tà yín. Ẹ ní àwọn ìyá ìjọ sọ pé kò dáa kí ojú òkú wà nínú òkùnkùn, pé ó dà bíi pé Màmá ò tíì dé ibi ìmọ́lẹ̀. Ẹ ní ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbé e lọ fún ẹni tó ń kọ pátákó nítòsí gáréèjì, pé kó bá yín parí iṣẹ́ tí mo fi sílẹ̀ láìparí.

Bàbá, mo parí iṣẹ́ mi. Ibòji kì í ṣe òkùnkùn. Abẹ́ ibòji ni ẹ máa ń tẹ́ ẹní sí tí oòrùn bá mú, kò sí ìyá ìjọ kankan tó sọ pé ẹ ti kú. Ohun tí mo wá ṣe ní Èkó nìyí, tí ẹ máa ń pè ní tíátà fún àwọn èèyàn. Èmi ni mò ń to iná fún àwọn tó ń ya fíìmù. Tí mo bá gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ ojú kan, tí mo fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tó mọ́lẹ̀ á máa sọ̀rọ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì á pa tirẹ̀ mọ́ra, ẹni tó ń wòran á sì sún mọ́ iwájú. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ni ojú ń sọ tán.

Ìjà kan náà ni mò ń jà níbí. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, à ń ya fíìmù nínú yàrá kan ní Bàrígà. Obìnrin kan jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ti kú. Mo gbé iná kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo pa ìyókù. Obìnrin náà ò tíì sọ nǹkan kan tí ẹni tó gbé kámẹ́rà fi ń nu ojú. Ni ọ̀gá tó ni fíìmù bá wọlé. Ó ní àbí jẹnẹrétọ̀ ti kú ni. Ó ní sìsítà, ẹ jọ̀ọ́ jàre, ẹ tan iná o, ṣé inú òkùnkùn ni wọ́n ti máa rí léèsì tóun yá wá? Ó ní àwọn oníbàárà òun ò ní sanwó láti wá wo dúdú. Wọ́n tan gbogbo rẹ̀. Ojú obìnrin náà wá pẹlẹbẹ bí àwo, ẹkún tó ń sun dà bíi pé àlùbọ́sà ló ń gé. Mo ká wáyà mi.

Kì í sì í ṣe inú fíìmù nìkan. Láti ìgbà tí àwọn ológun ti ní àwọn ń padà sí bárékè, àwọn ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú ò sinmi mọ́. Ògiri Fọlá Àgòrò kún fún ojú àwọn tó ń du ipò. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, kò sí ẹyọ kan tó ní ibòji lójú, àní lábẹ́ imú pàápàá. Àwọn kan nínú wọn bá ológun jẹ, bá wọn mu, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ọkùnrin atẹ̀wé tí a jọ ń gbé ilé kan náà ní ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé kó bá àwọn nu ojú àwọn mọ́. Wọ́n ní ilẹ̀ ti mọ́, kí a má sọ ti àná mọ́. Nígbà tí mo rí fọ́tò yín, irú ọwọ́ yẹn náà ni mo rí lójú ìyá mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe yà á, nítorí ẹ ò béèrè. Fèrèsé kan ṣoṣo ni yàrá mi ní, ó kọjú sí ògiri ilé kejì. Bí òjò bá rọ̀, àgbàrá á dé ẹnu ọ̀nà mi. Ṣùgbọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́, oòrùn máa ń gba àárín ilé méjèèjì wọlé fún bíi wákàtí kan. Inú wákàtí yẹn ni mo ti ya Màmá, odidi oṣù mẹ́rin. Mi ò ní fọ́tò tí mo lè wò. Ẹ mọ̀ pé láti ọjọ́ tí iná ti ta sí wọn lójú nídìí agbada gàrí, tí ojú òsì yẹn fi fọ́, wọn ò jẹ́ kí onífọ́tò ya àwọn mọ́. Tí àlejò bá wọlé, wọ́n á yí àpótí tí wọ́n jókòó lé padà kí apá òsì lè kọjú sí ògiri. Ibi tí wọ́n fi ojú yẹn pa mọ́ sí ni mo fi í pa mọ́ sí. Mi ò fi ọgbẹ́ wọn ṣe ìran. Mi ò sì purọ́ pé kò sí níbẹ̀. Kí n tó fi í ránṣẹ́ sí yín, tí mo bá jí láàárọ̀, àwòrán yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń kúnlẹ̀ kí, nítorí kò sí ẹlòmíì nínú ilé yìí tó ń retí ìkíni mi.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún yín rí. Gàrí tí Màmá ń yan lọ́jọ́ náà, torí ilé-ìwé mi ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, èmi ni mò ń koná. Wọ́n ní kí n lọ mú igi gbígbẹ wá láti ẹ̀yìnkùlé, ọ̀lẹ mú mi, mo ki igi tútù tó wà nítòsí bọ iná. Òun ló ta. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni, wọn ò sì fi bú mi rí títí wọ́n fi kú. Nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí ní ọmọ olójú-kan, tí mo ń sunkún wálé, Màmá náà ló ń nu omijé mi. Ẹ wá gba ọ̀dà, ẹ la ojú náà padà. Tí ojú yẹn ò bá fọ́, kí ni wọ́n wá dárí rẹ̀ jì mí?

Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà yín pé ó wù yín kí ẹ tún rí wọn bí wọ́n ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹ gbé wọn níyàwó. Gbólóhùn yẹn nìkan ni kò jẹ́ kí n fa fọ́tò náà ya. Àánú yín ṣe mí. Ṣùgbọ́n, Bàbá, ìyàwó tí ẹ fẹ́ ló ní ojú méjì. Ìyá tó rán mi níwèé, ẹyọ kan ló ní.

Torí náà, ẹ gbé e kúrò lára ògiri, ẹ fi aṣọ bò ó. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú ìrántí pẹ̀lú ọ̀dà mi, màá sì dá ibòji wọn padà, àwọn ìyá ìjọ ìbáà tò yí mi ká. Bí ẹ bá kọ̀, ẹ má retí pé kí n kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀. Mi ò mọ obìnrin olójú méjì yẹn, òun náà ò sì mọ̀ mí.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ojú yín á máa ríran títí dọjọ́ alẹ́, ẹ ò ní fi ọwọ́ sin ẹlòmíì nínú wa. Ẹ bá mi kí Ìyá àgbà, ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti àwọn ìyá ìjọ náà.

Èmi ni ọmọ yín ní Bàrígà,
Ọmọ Olójú-kan.