Ògiri Ilé Ìdáná Inú Géèmù Rẹ

Àbíkẹ́yìn mi,

Má pariwo kó o tó kà á tán. Èmi ni mo fọwọ́ kan ilé tó ò ń kọ́ sínú géèmù. O ò pa kọ̀ǹpútà láàárọ̀ yìí, mo sì rí i pé ògiri ilé ìdáná wọnú ti pálọ̀, ojú ibẹ̀ wá ń ṣẹ́jú bí iná tó fẹ́ kú. Bíríkìlà wo ló máa rí irú ẹ̀ tó máa kọjá lọ? Mo fà á sẹ́yìn títí etí wọn fi pàdé, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Ibi tí mo ti ń wọ bàtà ni mo ti rántí pé ilé wa àtijọ́ lò ń kọ́. Bí mo ṣe mọ ògiri yẹn gan-an nìyẹn. Mo ṣìṣe, ó yọ gọ́ńgọ́ sínú pálọ̀, ìyá rẹ ò sì jẹ́ kí n wó o, torí ibẹ̀ ló ń gbé rédíò rẹ̀ lé.

Jọ̀ọ́, tì í padà. Kó máa ṣẹ́jú. Àwọn igun yòókù, a jọ máa tò wọ́n bí mo bá dé.

Mi ò mọ̀ pé o rántí. Bí rédíò bá wà nínú géèmù yẹn, bá mi gbé ọ̀kan lé e.

Bàbá rẹ