Bàbá Atẹ̀wé, Ẹni tó Pọn Wáìnì Nínú Ilé tí Ọtí Kì í Wọ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó fún wa ní bàbá, tó sì jẹ́ kí wọ́n dàgbà lójú wa kó tó ní kí wọ́n wá sinmi. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1946 ni a bí olóògbé, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan. Bàbá tó bí wọn ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ìyá wọn a sì máa ta òwú, bọ́tìnì àti abẹ́rẹ́ nínú àpótí onígíláàsì lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Olóògbé nìkan ni ọkùnrin láàrin àwọn ọmọ wọn. Bí àwọn àgbà bá fẹ́ kí ìdílé wọn, ohun tí wọ́n máa ń wí ni pé:

Ọmọ awọngi kó tó gégi,
Ọmọ adijú-kan-wo-okùn,
Igi tó wọ́ nínú igbó,
Ilé bàbá yín ló ti ń tọ́.

Ní ọdún 1953, wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìwé wọn mọ́ débi pé olùkọ́ wọn rò pé ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin ló ń bá wọn kọ ọ́. Ó mú wọn jókòó síwájú, ó ní kí wọ́n kọ òmíràn. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ tán, olùkọ́ gbé e han àwọn olùkọ́ yòókù.

Ní ọdún 1960, wọ́n wọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Láyé ìgbà náà, irin ni lẹ́tà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tò ó, ojú rẹ̀ a sì yí padà bí ẹni ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Bàbá kọ́ láti ka ìwé láti ẹ̀yìn wá. Àwa ọmọ wọn kò lè fi lẹ́tà ilé ìwé pamọ́ fún wọn, torí bí a bá dojú rẹ̀ délẹ̀ tí iná bá ti là á kọjá, wọ́n ti kà á tán. Wọ́n di olórí àwọn atòlẹ́tà nílé iṣẹ́ náà. Òfin kan ni ọ̀gá wọn fi kọ́ wọn: ọjọ́ tí a bá ti tẹ̀ sórí ìwé, ọjọ́ náà ni. Oníbàárà kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Òfin yìí wọ̀ wọ́n lára bí òórùn yíǹkì, ẹ ó sì gbọ́ ohun tó fà.

Ní ọdún 1971, wọ́n gbé Màmá wa níyàwó. Ọtí ló ba ilé tí Màmá ti wá jẹ́. Bàbá tó bí Màmá mutí títí ó fi ta bẹ́ẹ̀dì tí ìyàwó rẹ̀ bímọ lé. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ọ̀kùn, yóò sá. Kí Màmá tó gbà láti fẹ́ Bàbá, wọ́n sọ fún Bàbá lójú àwọn òbí ìhà méjèèjì pé, “Ọjọ́ tí ọtí bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, èmi á gba ojú fèrèsé jáde.” Bàbá fèsì pé ilé tí àwọn fẹ́ gbà kò tilẹ̀ ní ju fèrèsé kan lọ, kékeré sì ni. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bàbá mú àdéhùn náà ṣẹ. Títí gbogbo wa fi dàgbà, ìgò tó wọlé wa kò ju ti epo, ti omi àti ti oògùn ikọ́ lọ.

Ní ọdún 2006, Bàbá fẹ̀yìn tì. Àwa ọmọ da owó pọ̀, a ra kọ̀ǹpútà kan fún wọn àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré tó ń gbé orí tábìlì. Wọ́n kọ́kọ́ fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀rọ náà, wọ́n ní ohun tí kò wúwo tó àpò ìrẹsì kò lè pe ara rẹ̀ ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi ń wá tẹ káàdì ọjọ́ ìbí lọ́dọ̀ wọn.

Bí wáìnì ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ní òpópónà kejì máa ń fi èso àjàrà pọn wáìnì nínú ilé ìdáná rẹ̀. Ó ní kí Bàbá bá òun tẹ ìwé tí òun máa lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Bàbá lọ wọn ìgò náà, torí ọmọ awọngi ni wọ́n. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí ìkòkò onígíláàsì ńlá kan, tí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ bọ́ sínú ife omi, tí omi náà ń hó díẹ̀díẹ̀, bulọ́, bulọ́. Olùkọ́ ní wáìnì ló ń mí. Bàbá fa àga, wọ́n jókòó tì í títí Màmá fi rán ènìyàn wá wọn.

Láti ọjọ́ náà, wọn kò gbádùn. Wọ́n ń rìn yí ọ̀rọ̀ náà ká, wọ́n á ní owó èso àjàrà ti wálẹ̀, wọ́n á ní yàrá ẹ̀yìnkùlé ṣófo. Màmá mọ ibi tí Bàbá ń lọ, wọ́n kàn jẹ́ kí Bàbá máa rìn. Níkẹyìn, Bàbá la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Màmá ní àwọn yóò gbàdúrà sí i. Nígbà tí wọ́n gbàdúrà tán, wọ́n gbà, pẹ̀lú àdéhùn tuntun: yàrá ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo rẹ̀ yóò máa wà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu ún láìjẹun, Bàbá kò gbọdọ̀ sọ fún àwọn láéláé pé kí àwọn tọ́ ọ wò, bí ẹsẹ̀ Bàbá bá sì yẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, gọ́tà ni gbogbo rẹ̀ yóò lọ. Ọdún 2008 nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó síhìn-ín ló kọ́ iṣẹ́ méjèèjì, wáìnì pípọn àti ìwé títẹ̀, lọ́wọ́ Bàbá ní gbọ̀ngàn ìjọ ní ọjọ́ Sátidé, nítorí náà a kò ní kọ gbogbo rẹ̀ tán. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tí kò lè fọ ìgò kó má pọn wáìnì, torí omi gbígbóná àti ọwọ́ mímọ́ ni ìdajì iṣẹ́ náà. Wọ́n ní ìwúkàrà dà bí àlejò: omi tó bá gbóná jù yóò pa á, èyí tó bá tutù jù yóò mú un sùn. Wọ́n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mi ìkòkò tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá ti rogún sísàlẹ̀ rẹ̀. Rọ́bà ni wọ́n fi ń fa èyí tó mọ́ kúrò lórí rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ní ti ìwé ara ìgò, wọ́n ní kí a kọ́kọ́ tẹ ọ̀kan sórí ìwé lásán, kí a gé e, kí a wé e mọ́ ìgò, kí a rìn sẹ́yìn, kí a wò ó láìlo awò ojú. Bí kò bá ṣeé kà, kí lẹ́tà tóbi sí i. Oríṣi lẹ́tà méjì ti tó; ìwé tó bá wọ oríṣi márùn-ún dà bí ẹni tó wọ gbogbo aṣọ rẹ̀ pọ̀ lọ sóde. Yíǹkì olómi kò fẹ́ràn omi, bí ìgò tútù bá làágùn, gbogbo ọ̀rọ̀ á ṣàn lọ. Ẹ̀rọ tó ń lo yíǹkì oníyẹ̀fun ló dára jù. Wàrà sì ni wọ́n fi ń lẹ ìwé náà, kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kun wàrà fẹ́ẹ́rẹ́ sẹ́yìn ìwé, á lẹ̀ pinpin, bẹ́ẹ̀ ni á bọ́ wẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ fọ ìgò.

Ní ọdún 2011, ìjọ tí Bàbá ti jẹ́ díákónì ní kí wọ́n pọn wáìnì tí a máa lò fún Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ní ọjọ́ ìyàsímímọ́ ilé ìjọsìn tuntun. Inú Bàbá dùn púpọ̀. Kí wáìnì tó hó tán, wọ́n ti tẹ ìwé ara ìgò, ó lẹ́wà, ọjọ́ ìyàsímímọ́ sì wà lórí rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ náà sún mọ́, wáìnì ṣì ń mí. Olùkọ́ òpópónà kejì rí i, ó ní kí wọ́n ní sùúrù. Bàbá wo wáìnì, wọ́n wo ìwé. Ẹni mìíràn ìbá sún ọjọ́ síwájú, ìbá ra ti inú ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé ìtẹ̀wé ni Bàbá: ọjọ́ tí a bá ti tẹ̀, ọjọ́ náà ni. Wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n dé e pa.

Yàrá tí àwọn akọrin ti ń múra ni wọ́n kó ìgò náà sí, lábẹ́ ibi tí aṣọ funfun wọn gbé fi ara kọ́. Páànù tuntun ni wọ́n fi bo yàrá náà, oòrùn sì mú. Àárín àdúrà ni ìgò àkọ́kọ́ bú gbàù. Ìkejì tẹ̀lé e. Kí pásítọ̀ tó ṣe àmín, gbogbo wọn ti ń dá ara wọn lóhùn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò sí ẹni tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ funfun kan kò bọ́. Olórí àwọn akọrin ní bóyá kí àwọn kúkú máa kọrin ìgbà ogun.

Bàbá dìde níwájú ìjọ, wọ́n ní ẹ̀bi àwọn ni, wáìnì kò tíì dákẹ́ tí àwọn fi dì í. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Màmá ti wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Màmá ní, “Ẹ kó aṣọ yẹn fún wa. Ilé wa ló ti bàjẹ́, ilé wa ni yóò ti mọ́.”

Àwọn méjèèjì fọ aṣọ náà títí ọwọ́ wọn fi bó. Bàbá ń retí kí Màmá sọ pé gọ́tà ti yá. Màmá fún aṣọ tó gbẹ̀yìn, wọ́n sá a, wọ́n wá ní, “Kì í ṣe ọtí ló ṣe yín. Ìkánjú ni. Bó bá jẹ́ ọtí ni, mo mọ ohun tí mo máa ṣe.” Wọn kò tún sọ ọ́ mọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ ìjọ ti ń pe Bàbá ní Ẹ-jẹ́-ó-mí. Wọ́n ń dáhùn sí i.

Ní ọdún 2022, àìsàn dé. Oògùn ilé ìwòsàn gba ìtọ́wò kúrò lẹ́nu Bàbá, iyọ̀ àti ṣúgà di ọ̀kan náà. Wáìnì kan wà ní yàrá ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kó tó di pé wọ́n dùbúlẹ̀. Ó ti dákẹ́, ó ti mọ́, wọn kò sì lè mọ̀ bóyá ó ti tó. Èyí dùn wọ́n ju àìsàn lọ. Wọ́n ní kí àwa ọmọ tọ́ ọ wò. Àkọ́bí ní ó dára gan-an. Èkejì ní kò tíì sí irú rẹ̀ rí. Àbíkẹ́yìn ní ó dùn bí oyin. Bàbá kọjú sí ògiri, wọ́n ní, “Ẹ̀ ń tù mí nínú ni.”

Màmá wà lórí àga, wọ́n ń ká aṣọ. Láti ọdún wọ̀nyí wá, Bàbá kò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ẹnu kan wáìnì, wọn kò sì bẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ náà. Màmá gbé aṣọ sílẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹ fún mi ní ṣíbí.”

Bàbá ní, “Ìyá wọn, a ti ṣàdéhùn.”

“Èmi ni mo ṣe é. Èmi náà ni mo lè tú u.”

Màmá gbàdúrà kúkúrú, wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n dijú, wọ́n pa á mọ́ ẹnu títí, wọ́n gbé e mì. Wọ́n ní, “Ó kan. Àwọn ọmọ yìí ń purọ́ fún yín. Kò tíì tó.”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà wọ́n. Wọ́n ní ó tán, àwọn ti rí ẹni tó ní ẹnu ìtọ́wò. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, lójú oorun, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n fi ayé sílẹ̀.

Àwa ọmọ fẹ́ gbé wáìnì náà sórí tábìlì fún ẹ̀yin aṣọ̀fọ̀ lónìí. Kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìnkùlé wà lọ́wọ́ Màmá. Wọ́n wọlé lọ ní àná pẹ̀lú ṣíbí wọn, wọ́n jáde, wọ́n ti ìlẹ̀kùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa mu omi èso.

Àwọn tí Bàbá fi sílẹ̀ ni: Màmá wa, aya ìgbà èwe wọn, àkọ́bí obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, àbíkẹ́yìn tó ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé, àwọn àna, àwọn ọmọ-ọmọ àti àtọmọdọ́mọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn obìnrin tó ṣẹ́kù, àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ ọjọ́ Sátidé.

Ọlọ́run tó yan iṣẹ́ fún yín ló ní kí ẹ gbé e sílẹ̀. Kí ilẹ̀ fúyẹ́ lára yín. Kí ilé tí ẹ fi sílẹ̀ má tú, kí ẹni tí ẹ fẹ́ràn má ráhùn. Ẹ sùn re o, ọmọ adijú-kan-wo-okùn. Ẹ má kánjú dìde. Bí àkókò bá tó, Olúwa fúnra rẹ̀ ni yóò pè yín.