Ìkẹ́dùn àti Ìtúúbá Lórí Ikú Mọ̀múdù Àyìndé, Afọ́kúta

Láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀ Ọmọ Yorùbá, Gurugu, Tamale

Sí ìyá wa Jùwáíríyà Àyìndé àti àwọn ọmọ, Kakpagyili

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn ni a gbọ́ pé ọkọ yín, Mọ̀múdù Àyìndé, jáde láyé lọ́jọ́ Àtìní. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí ìwé yìí tètè dé. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ wà níbi tí wọ́n ti sin ín, a ò sì wá.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Mọ̀múdù fi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tí ń lọ òkúta lẹ́yìn ìlú. Nígbà tí à ń kọ́ ilé kéwú, òun ló bá wa bẹ ọ̀gá rẹ̀ tó fi fún wa ní òkúta ìpìlẹ̀, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ló sì fi bá wa kó o. Bó bá dé ìpàdé pẹ̀lú eruku funfun ní ìpéǹpéjú, à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti hewú ṣáájú bàbá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè bí eruku náà ṣe ń ṣe é.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, a ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ta ló sọ fún wa? Kò sẹ́nì kankan. Ìgbìmọ̀ ní kó máa gbé bútà tirẹ̀ wá ṣe àlùwàlá, kó sì máa jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Èmi akọ̀wé ni mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Kò bínú. Ó kàn bi mí bóyá kó ra aláwọ̀ pupa, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í gbé. Láti ìgbà náà ni àwọn ará wa kò ti ra ẹ̀kọ kókó àti àkàrà kóósé tí ẹ ń tà lọ́wọ́ yín mọ́.

Ó sọ fún wa pé dókítà ní eruku òkúta ló wà nínú ẹ̀dọ̀fóró òun, pé kì í ràn. A ò gbà á gbọ́, àfìgbà tí Yàsír ọmọ yín gbé fọ́tò àyà bàbá rẹ̀ tí wọ́n yà nílé ìwòsàn hàn wá lẹ́yìn ìsìnkú. Ẹni tó ní kí á fẹ́ òun lójú, ata la fi sẹ́nu.

Lọ́la, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, èmi fúnra mi ni n ó ka ìwé yìí sétí gbogbo jàmáà. Àwọn ọmọ wa mọ́kànlá tó kù nídìí ẹ̀rọ náà, ẹgbẹ́ yóò mú wọn lọ yẹ àyà wọn wò, a ò sì ní sinmi lẹ́yìn ọ̀gá wọn títí yóò fi fún wọn ní ìbòmú, tí yóò sì máa wọ́n omi sí òkúta kí wọ́n tó lọ̀ ọ́.

A ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹ jẹ́ kí á wá sí fídáù ọjọ́ kẹjọ. Bí ẹ bá ní kí á dúró síta, ẹ jàre. Bí ẹ bá ní kí á wọlé, oúnjẹ tí ẹ fọwọ́ ara yín sè la fẹ́ jẹ, lójú gbogbo èèyàn.

Kí Ọlọ́hun fẹ sàréè Mọ̀múdù lójú, kí Ó fi Àlùjáńnà ṣe ilé fún un. Kí Ó tu ẹ̀yin tó fi sílẹ̀ nínú, kí Ó sì fi ará tó sàn jù wá lọ yí yín ká.

Tàjùdíìnì Àbdùsàlámì,
Akọ̀wé, ní orúkọ ẹgbẹ́