Kòkòrò Ẹ̀rín-Ò-Tán

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù Kẹta
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń tọ́ kòkòrò àìfojúrí nínú láàbù yìí, kí wọ́n lè máa ṣe láísíìnì, èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ. Ọmọ tuntun tí mo ń pè ní Ẹ̀rín-Ò-Tán ò tíì lo ọdún kan. Lónìí ọ̀gá pe gbogbo wa jọ: kòkòrò tirẹ̀ ń ṣe ìlọ́po méjì tèmi. Jíìnì kan ṣoṣo ló tún ṣe — èyí tó máa ń sọ fún kòkòrò pé ó tó, dúró. Báyìí kòkòrò náà ò mọ ó tó mọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́bọ̀, 5
Ó tún ń rẹ́rìn-ín. Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín gan-an?

Ọjọ́ Ẹtì, 6
Mo rí i. Kì í mú irúgbìn tuntun, ìyẹn ojúlówó kòkòrò tí a tọ́jú, nínú fírísà. Inú ìgò àná ló ti ń bù sínú tòní — ó tó ọjọ́ mẹ́wàá báyìí. Béèyàn bá ń bù ú bẹ́ẹ̀ láti ìgò dé ìgò, àwọn ọ̀lẹ inú wọn ló ń gba ilé: jíìnì wọn á padà sí bó ṣe wà, wọ́n á máa jẹun, wọn ò ní ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀. Ó tiẹ̀ bi mí pé ẹ̀gbọ́n, ṣé bí òun ṣe ń bù ú dáa? Mo ní ó dáa.
Ìlara ni. N ò ní purọ́ fún ìwé.

Ọjọ́rú, 11
Ọkọ mi ní kí ló dé tí mò ń fọ abọ́ bí ẹni ń bá abọ́ jà. Mo ní kò sí.

Ọjọ́ Ajé, 16
Wọ́n ti gbé kòkòrò rẹ̀ sínú táńkì ńlá. Òun ló kọ ìròyìn iṣẹ́ náà, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ilé-iṣẹ́. N ò kà á. Kí ni mo fẹ́ wá nínú oríyìn ẹlòmíì?

Ọjọ́bọ̀, 19
Ó ti ṣẹlẹ̀. Kòkòrò kún táńkì bámúbámú, ṣúgà ti tán, láísíìnì ò tó nǹkan. Gbogbo ẹ̀ la dà nù. Inú mi dùn — fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀rín-Ò-Tán ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ fírísà.

Ọjọ́ Ẹtì, 20
Ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí. Ó gbé ìròyìn ọ̀hún síwájú mi. Orúkọ mi ló ṣáájú, tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọwọ́ mi lòun ti kọ́ṣẹ́, pé mo yẹ bí òun ṣe ń bù ú wò, mo sì ní ó dáa. Ọ̀gá ní èmi tí mo ti pẹ́ tó báyìí, ṣé n ò rí i ni?
Mo ní n ò rí i.
Ẹ̀rín-Ò-Tán ti wọlé, n ò mọ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó ní kí ọ̀gá má bínú sí ẹ̀gbọ́n òun, òun nìkan ló jẹ̀bi.