Òpó Oníkùn Ẹnu Géètì Wa

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Ẹ́sítéètì Ìfẹ́lódùn,
                                        Ìkòsì, Kétu,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2024.

Adétúnjí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Joanna ọmọ wa, mo kí ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Ṣé òtútù ìlú Òyìnbó kò tíì wọ inú eegun rẹ? Orúnkún rẹ tó máa ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé o ṣì ń fi òróró pa á? Àpèkẹ́ ìyàwó mi ní kí n bi ọ́ bóyá wọ́n ń fún ọ ní oúnjẹ tó gbóná, torí pé nínú àwọn àwòrán tí o fi ránṣẹ́, ó ní ọrùn rẹ ti ń jó rẹ̀yìn nínú kọ́là. Ara tiwa le. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi lọ sókè lóṣù tó kọjá, ṣùgbọ́n ó ti wálẹ̀. Ohun tó gbé e sókè gan-an ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mo kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Bí mo bá pè ọ́, wàá ti rẹ́rìn-ín kí n tó sọ ìdajì, wàá ní, "Ọláṣùpọ̀, fi sílẹ̀ jàre," èmi náà á sì fi í sílẹ̀. N kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Jọ̀ọ́, jókòó, kí o kà á dé ìparí.

Mo ṣe ìlara rẹ, Adétúnjí. Mo kọ ọ́ ṣókí báyìí kí n má baà máa yí i po.

Ọjọ́ tí o fi àwòrán ránṣẹ́ láti Áténì ló ti bẹ̀rẹ̀. O dúró nísàlẹ̀ òkè, o dé fìlà aláfẹ́lẹ́ kan, o ń rẹ́rìn-ín, ilé òrìṣà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Pátẹ́nónì sì wà lẹ́yìn rẹ, tí oòrùn ń pọ́n àwọn òpó rẹ̀. O mọ̀ pé mo ti mọ ilé yẹn kí n tó hu irùngbọ̀n. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn iṣẹ́ ọnà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri kíláàsì mi títí aáyán fi jẹ etí rẹ̀ tán. Mo lè fi ẹfun ya irú òpó mẹ́ta tí àwọn Gíríìkì ń ṣe láì wo ìwé: èyí tí orí rẹ̀ kò ní ọ̀ṣọ́, èyí tí orí rẹ̀ ká bí ìwo àgbò, àti èyí tí ewé yí lórí ká. Ṣùgbọ́n n kò débẹ̀ rí. Lọ́dún tí ilé-ìwé fẹ́ rán mi lọ, ìjọba yí padà. Lọ́dún tí mo fẹ́ rán ara mi lọ, wọn kò fún mi ní físà. Ìwọ tí o jẹ́ oníṣirò, tí o bi mí nígbà kan bóyá òrùlé ni kò tó àwọn èèyàn náà ni wọ́n ṣe fi òpó nìkan sílẹ̀, ìwọ ni Joanna wá mú débẹ̀ fún ọjọ́ ìbí rẹ. O tún ń lá áìsìkirímù.

Àwòrán kejì ló wá gún mi jù. O dúró ti ère ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fi gbogbo ara lé ẹsẹ̀ kan, tó jẹ́ kí ìbàdí kejì rọ̀, ìwọ náà sì dúró bẹ́ẹ̀. Ta ló kọ́ ọ? Èmi ni mo máa ń dúró bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti fi hàn wọ́n bí àwọn Gíríìkì ṣe mú kí òkúta dà bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹsẹ̀, wọ́n á sì máa pariwo pé, "Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ jó ni?" Lórí wọ́sáàpù ẹ́sítéètì, gbogbo wọn ń kí ọ ní "Prófẹ́sọ̀! Prófẹ́sọ̀!" Mo gbé fóònù dojú bolẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ géètì dé. O mọ̀ pé òpó mẹ́rin ni Mọ́mì Dàmọ́lá, alága wa, fẹ́ kó wà níbẹ̀, irú èyí tí gbogbo ilé tuntun ń gbé síwájú láti Ifákọ̀ dé Ìṣẹ́rí Olówóra. Ìwọ lo pe Bartholomew, ẹni tó ń fi kọnkéré ṣe òpó àti kìnnìún lẹ́bàá títì ní Kétu, pé kó jẹ́ kí òpó kọ̀ọ̀kan wú díẹ̀ láàárín. O sì gba ohùn rẹ sílẹ̀ fún gbogbo wa. O ṣàlàyé pé bí òpó bá tọ́ gbọnrangandan, ojú á rí i bí ẹni pé ó fún níbàdí, ìdí nìyẹn tí àwọn ará àtijọ́ fi jẹ́ kó wú, kó lè dà bí ohun tó ru ẹrù tó sì ń mí. Adétúnjí, ọ̀rọ̀ mi nìyẹn! Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an ni, títí dórí "tó sì ń mí." Ní fàráńdà mi ni mo ti sọ ọ́ fún ọ, ẹ̀pà kún ẹnu rẹ. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, mo pa fóònù. N kò gbọ́ ọ dé ìparí.

Nígbà tí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró tán, ìgbìmọ̀ ní kí n wá wò ó. Nínú ara mi, mo ní, wọ́n wá rántí mi nígbà tí iṣẹ́ tán. Mo débẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Kí n má purọ́ mọ́, wọ́n rẹwà. Wọ́n dúró bí èèyàn tó ru ẹrù tí kò ráhùn. Mo la ẹnu, mo ní, "Àwọn òpó yìí mà lóyún." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn mọ́ mi, ni mo bá fi kún un. Mo ní mọ́ọ̀dù tó fi da kọnkéré ló wọ́, mo ní yóò sán.

Bartholomew ṣí fìlà. Ó ní, "Dádì, Dádì Joanna ló ní kí n ṣe é bẹ́ẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò."

Mo ní, "Ṣé Dádì Joanna kọ́ iṣẹ́ òpó ni? Ìṣirò ló kọ́."

Mọ́mì Dàmọ́lá ní tí Dádì bá ti sọ̀rọ̀, ó parí. Wọ́n wó àkọ́kọ́ lójú mi. Kò tètè fọ́. Ó ki. Ilẹ̀ ṣú kí wọ́n tó parí rẹ̀, wọ́n sì ní ó di Sátidé tó ń bọ̀ kí wọ́n tó wó mẹ́ta yòókù.

Láàárín ọ̀sẹ̀, Àpèkẹ́ gba ẹ̀bá ṣọ́ọ̀bù Bartholomew kọjá. Ó ní àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń pè é, "Bàtó! Aboyún ńkọ́? Ṣé ó ti bí?" Òmíràn ní, "Ọjọ́ wo ni ìsọmọlórúkọ, ká wá jẹ ráìsì?" Bartholomew ń di mọ́ọ̀dù rẹ̀ sínú àpò. Ẹnì kan tó fẹ́ kó ṣe iwájú ilé fún òun ní Magodo ti ní kó má wá mọ́.

Àpèkẹ́ wò mí. "Bàbá Débọ́lá, ṣé lóòótọ́ ni òpó yẹn kò dáa?"

Mo ní, "Kí lo mọ̀ nípa òpó?"

Ó ní, "N kò mọ nǹkan kan nípa òpó. Mo mọ̀ pé ẹ kì í lè jẹun bí ẹ bá purọ́."

Iyán ti tutù níwájú mi.

Mo gba ilé Mọ́mì Dàmọ́lá lọ láti dọ́gbọ́n sọ pé bóyá ká fi mẹ́ta yòókù sílẹ̀. Ó ní, "Há, rárá o, Dádì! Dádì Joanna ti sọ pé ohun tí ẹ bá sọ ni ká ṣe. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ́ àwọn. Ṣé ẹ kò gbọ́ ọ ni? Ó wà ní ìparí ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́."

Mo délé, mo gbọ́ ọ dé ìparí. O ní, "Ẹ pe Ọláṣùpọ̀ kó wá wò ó. Ọ̀gá mi nìyẹn. Bó bá ní kẹ́ ẹ wó o, ẹ wó o." Ọ̀rẹ́ mi, àṣẹ tí o gbé lé mi lọ́wọ́ ni mo fi wó iṣẹ́ rẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ti dé ẹnu géètì kí àwọn tó fẹ́ wó o tó dé. Nígbà tí èèyàn pé, mo sọ fún wọn pé òpó náà dáa, pé mo purọ́, pé ìlara ni. Mọ́mì Dàmọ́lá rọra ní, "Dádì, ṣé kì í ṣe ìfúnpá yín ló tún dé?" Mo ní rárá, èyí kò ní oògùn ní ilé ìwòsàn. Mo kó wọn sọdá títì, mo ní kí wọ́n fi òpó wa wé tàwọn ará ẹ́sítéètì kejì tó tọ́ gbọnrangandan. Ẹnì kan ní, "Tiwọn dà bí ẹni tí ebi ń pa." Mo ní ohun tí àwọn Gíríìkì rí nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, mo ṣí fìlà fún Bartholomew, mo tọrọ àforíjì níwájú gbogbo wọn. Ó ní, "Dádì, ẹ dé fìlà yín, oòrùn ń mú. Màá tún un mọ, àmọ́ ẹ máa bá mi dé Kétu. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ ọ́ fún àwọn oníkẹ̀kẹ́ yẹn."

Mo lọ. Mo dúró láàárín wọn, mo sọ ọ́. Ọ̀kan wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ fún un lóyún nìyẹn, Bàbá!" Wọ́n rẹ́rìn-ín débi tí èmi náà rín. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo rín.

Òpó tuntun ti dúró báyìí. Wọ́n fi àpò wé e, ó sì gbọ́dọ̀ máa mu omi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kó má baà sán. Mo ní kí wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún mi. Àpèkẹ́ ní òpó ń mu omi jù mí lọ. Mọ́mì Dàmọ́lá fẹ́ kun orí wọn ní pupa, búlúù àti góòlù. Tẹ́lẹ̀, ǹ bá ti jágbe mọ́ ọn, ṣùgbọ́n àwọn Gíríìkì náà kun ilé àti ère wọn. Ọjọ́ tó ti pẹ́ ló bó ọ̀dà náà tí a fi rò pé funfun nìkan ni wọ́n fẹ́ràn. Mo ní kó kùn ún.

Darí jì mí, Adétúnjí. N kò ní sọ pé ìlara náà ti tán. Bí fóònù bá dún, ó ṣì máa ń gbórí sókè. Bí o bá dé, má fi gbogbo àwòrán yẹn hàn mí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, jẹ́ kí n máa rí wọn díẹ̀díẹ̀.

Ohun kan ni kí o dá mi lóhùn kí o tó dé. Ní orí òkè yẹn, ṣé wọ́n jẹ́ kí o fọwọ́ kan òkúta náà? Bí wọ́n bá gbà fún ọ, ṣé ó tutù ni, àbí oòrùn máa ń fi ooru sílẹ̀ sínú rẹ̀? Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ èèyàn, kò sẹ́ni tó bi mí, n kò sì mọ̀ ọ́n.

Bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Àpèkẹ́ kí gbogbo yín, ó ní kí o máa jẹun. Bartholomew náà kí Dádì Joanna.

Èmi tí o pè ní ọ̀gá,
Ọláṣùpọ̀.