Dókítà Bi Mí Pé Bàtà Mi Dà

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ ìsìn, ẹ kú òtútù òjò. Èmi Àṣàkẹ́ ni mo kúnlẹ̀ láti Ìgandò kí yín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kí Màámi, mo kí àwọn àbúrò mi. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan gbogbo àwa aláṣọ funfun. Ẹ má bínú pé ará ìta bá wa kà á.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ń lọ, a dúpẹ́. Yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé ni mò ń rán ní Ìdímù báyìí. Òjò pọ̀ lọ́dún yìí, gbogbo àdúgbò wa ti di ẹrẹ̀. Owó tí mi ò fi ránṣẹ́ láti oṣù méjì, ara mi ni mo fi tọ́jú. Mi ò sọ fún yín, kí ẹ má baà gbààwẹ̀ nítorí mi.

Ikọ́ ló bẹ̀rẹ̀, inú rírun tẹ̀lé e. Ní ọsibítù, àyẹ̀wò fi hàn pé eosinofíìlì mi ti pọ̀ jù. Ọ̀kan lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun nìyẹn. Nígbà tí mo sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, obìnrin tá a jọ ń ránṣọ sọ pé jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ nìyẹn jàre, kí n yáa máa lọ sílé. Bàbá, mo sunkún. Gbogbo ẹni tó jókòó sí ọsibítù ló ní ẹni tó sìn ún wá, àfi èmi.

Dókítà, ọ̀dọ́bìnrin kan báyìí, ní kí n fọkàn balẹ̀. Ó ní àmì ni, kì í ṣe àrùn: aràn lè fà á, ásímà lè fà á, ohun tí kò bá ara mu lè fà á, oògùn tàbí àgbo náà lè fà á, ti àrùn inú ẹ̀jẹ̀ gan-an kò wọ́pọ̀. Ó tún ẹ̀jẹ̀ mi yẹ̀ wò, ó wá ń wádìí: oògùn wo ni mò ń lò, níbo ni mo dàgbà sí, ṣé mo máa ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn? Mo ní rárá o. Lójú mi, irọ́ kọ́. Ta ló ń ka ti inú sùtánà mọ́ fífi ẹsẹ̀ lásán rìn? A yẹ ìgbọ̀nsẹ̀ mi wò, a ò rí aràn. Ó ní òun máa kọ àyẹ̀wò tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti ń ro ẹni tí màá fi ẹ̀rọ ìránṣọ mi sílẹ̀ fún.

Ọjọ́rú tí mo padà lọ, láti ìsìn ni mo ti lọ, sùtánà ṣì wà lọ́rùn mi. Dókítà wo ẹsẹ̀ mi, ẹrẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó bi mí pé bàtà mi dà. Mo ní ó wà nínú ọ̀rá, pé a kì í wọ bàtà sí sùtánà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ní aràn tín-ín-rín kan wà tó máa ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé láti inú ilẹ̀ tútù, ó lè gbé inú ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àyẹ̀wò ìgbọ̀nsẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì lè má rí i. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, a rí i. Mo lo oògùn, ikọ́ lọ, ẹ̀jẹ̀ mi ti ń bọ̀ sípò.

Ó wá bi mí bóyá irú rẹ̀ ń ṣe ẹnìkan nílé. Mo sọ ti yín: yíyún tó máa ń sáré gba ìbàdí yín bí ìgbà tí èèrà ń tò kọjá, àti oògùn oníhóró tí ẹ ń rà ní kẹ́mísì nítorí èémí yín, èyí tó mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín kún tí gbogbo wa ń yìn yín pé ẹ ti sanra. Dókítà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní bí oògùn yẹn bá jẹ́ irú èyí tí òun rò, èyí tó ń dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù, tó sì bá aràn yìí nínú ara, aràn á máa pọ̀ sí i débi tó lè pa ènìyàn. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o, ìyẹn náà léwu. Ẹ mú páálí rẹ̀ lọ sí ọsibítù, kí wọ́n wá aràn náà gan-an, torí oògùn yẹn lè bo àmì inú ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ilẹ̀ mímọ́ kì í pa ọmọ rẹ̀. Mi ò ní kí ẹ wọ bàtà wọ ilé Ọlọ́run, èmi náà ṣì ń bọ́ ọ lẹ́nu géètì; ojú ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ ni mo ti ń wọ̀ ọ́ báyìí. Bí mo bá rí yín fín, ẹ dárí jì mí. Bí ẹ bá sì fẹ́ bínú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bínú lọ sí ọsibítù.

Ẹ bá mi kí gbogbo ìjọ. Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́. Mò ń bọ̀ ní Kérésì. Ẹ̀yin ni kí n bá nílé, kì í ṣe ìtàn yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Àṣàkẹ́