Okùn Wúrà Lára Aṣọ Òkúta

Ìyá Rong mi ọ̀wọ́n,

Ara mi le koko, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ là ń jẹ. Pẹlẹbẹ òkúta iyebíye aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní jéèdì là ń fi okùn so pọ̀ di aṣọ tí wọn yóò fi sin olóyè wa tó papòdà. Okùn fàdákà ló tọ́ sí olóyè, ọba nìkan ló ni wúrà. Síbẹ̀ wúrà ni Ọ̀gá Tao, olórí iṣẹ́ wa, kó fún wa. Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ọba gbọ́ sí i?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Geng, iṣẹ́ ọwọ́ ni mo pè ọ́ fún, n ò pè ọ́ fún tẹnu."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wa; ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá fún wa ló bá mi fi lẹ́tà yìí pamọ́ jáde. Wọ́n ní Bo ẹlẹgbẹ́ mi parí tirẹ̀, ó ti lọ sílé. Àmọ́ bàtà rẹ̀ ṣì wà níbí.

Má dààmú, mò ń fẹ̀sọ̀ ṣiṣẹ́. Bí Ọ̀gá Tao bá wá pe àbúrò mi síṣẹ́, sọ pé ara rẹ̀ ò yá.

Bá mi kí Màámi, kí o sì gbé Rong jó.

Geng